Owó Iṣẹ́ Ẹni Tí Ó Pa Wá Lẹ́rìn-ín

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ẹjọ́ máníjà, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ìjọba. Ẹjọ́ ara wa ni. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní ìparí ọdún tí ó kọjá, ẹ̀ka wa ṣe àríyá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìdílé wọn ní Ìwó níbí. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ yóò rántí òṣèré ọkùnrin kan tí ó ró ìró, tí ó wé gèlè, tí ó lé tìróò, tí ó ń ṣe bí ìyá ọkọ tí ó wá wo ilé ìyàwó tuntun. Àwọn dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. 60,000 náírà ni a jọ fi ẹnu kò sí. A fún un ní 20,000 lálẹ́ ọjọ́ náà, a ní kí ó padà wá gba ìyókù. Ọ̀sẹ̀ 11 ni ó fi ń lọ tí ó fi ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan a ní akápò kò sí nílé, lọ́jọ́ kejì àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ìyá ọkọ, ṣé baba kò fún yín lówó oúnjẹ ni?”

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: bí ilé iṣẹ́ bá dá owó oṣù wa dúró fún ọ̀sẹ̀ 11, kí ni a ó ṣe? Ìyanṣẹ́lódì ni. Ohun tí a kì í gbà lọ́wọ́ ọ̀gá ni a ṣe sí òṣìṣẹ́ bí tiwa.

Àwọn kan ní eré ni ó ṣe, kì í ṣe iṣẹ́. Èmi tí mo ń kọ èyí lọ bá a nílé láti tọrọ àforíjì. Ó mú ìwé tí ó fi ń ṣírò owó jáde. Nínú 60,000 yẹn, onílù méjì gba 10,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ ènìyàn mẹ́ta ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 6,000. Àtíkè, fífọ aṣọ àti títún wíìgì ṣe jẹ́ 5,000. Ohun tí ó yẹ kí ó kù fún òun jẹ́ 29,000. Ṣùgbọ́n 20,000 tí a san, àwọn onílù ni ó gbà á tán; òun fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè délé. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín yín kò tíì ra gàárì rí.”

Ẹ wo bí ó ṣe ń ná owó rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa pàápàá. Lákọ̀ọ́kọ́, owó onílù kì í dúró di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, nínú 10 náírà tí ó bá jẹ́ tirẹ̀, ó ń yọ 1 sọ́tọ̀ fún irinṣẹ́. Gèlè àti wíìgì fún un dà bí táyà fún dẹ́rẹ́bà: bí ó bá ti jẹ tán, iṣẹ́ dúró. Ẹ̀kẹta, ó ń dá àjọ dè oṣù ààwẹ̀, nítorí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìwó, bí Ramadan bá ti wọlé, kò sí ẹni tí yóò pè é sí òde fún ọjọ́ 29 tàbí 30. Owó tí àwọn ènìyàn bá ná fún un lójú agbo, kò kà á mọ́ owó oúnjẹ. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ó ń fi í ṣe. Ó ní ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé owó ojú agbo yóò sùn lébi. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí ó di 70,000 náírà ní ọdún 2024, kò kàn án, nítorí kò ní ọ̀gá kan pàtó.

Àwọn kan nínú wa sọ pé kò yẹ kí ọkùnrin wọ aṣọ obìnrin. Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì. Ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ, ọkùnrin ni ó ń wọ aṣọ obìnrin jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi bọlá fún àwọn ìyá, UNESCO sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ní Gánà, nígbà tí wọ́n ń pè é ní Gold Coast, E. K. Dadson fi ṣíṣe bí obìnrin lórí ìtàgé jẹun nínú ẹgbẹ́ Axim Trio láti nǹkan bí ọdún 1935. Ṣùgbọ́n a kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó, kí ó má pè é. Kí a pe ènìyàn, kí a rẹ́rìn-ín, kí a jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí a wá fi ẹ̀sìn bo gbèsè náà mọ́lẹ̀, èyí ni a kò gbà. Ẹ̀sìn méjèèjì tí ó pọ̀ jù ní ìlú yìí ni ó kìlọ̀ pé kí a má dá owó alágbàṣe dúró.

Kí a má sì gbàgbé pé àwọn òṣèré ti dúró ti òṣìṣẹ́ rí. Nígbà ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti ọdún 1945, Hubert Ògúndé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré tí ó pè ní Strike and Hunger. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 21 níbi ìwakùsà èédú ní Enugu, ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ó tún gbé Bread and Bullet jáde. Kí ni àwọn aráàlú fi san oore fún àwọn òṣèré? Moses Ọláìyá, Baba Sàlá tí gbogbo wa mọ̀, ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Àwọn olè da fíìmù náà kọ sínú fídíò, wọ́n ń tà á, baba sì kó sí gbèsè ńlá. Ọ̀pọ̀ wa ni ó wo fídíò náà. Mélòó nínú wa ni ó bèèrè bóyá owó rẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é?

A ti san 40,000 tí ó kù fún òṣèré wa. Ṣùgbọ́n sísan gbèsè pẹ́ kì í ṣe ẹ̀yẹ. Nítorí náà, a ń gbé àbá mẹ́ta síwájú ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀. Èkíní, ẹnikẹ́ni tí ẹ̀ka bá pè sí òde, ìbáà ṣe òṣèré, onílù tàbí alásè, kí ó gba ìdajì owó rẹ̀ ṣáájú, kí ó sì gba ìyókù kí a tó kó àga nílẹ̀. Èkejì, kí àdéhùn wà nínú ìwé, kí akápò sì gba rísíìtì. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ṣí ìlẹ̀kùn fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí a sì ṣàlàyé fún wọn ètò owó ìfẹ̀yìntì tí PenCom gbé kalẹ̀ fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Ẹni tí ń jó lónìí, orúnkún yóò ro ó lọ́la.

Ẹ̀yin òṣèré náà, ẹ má gba “padà wá lọ́la” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà ṣe lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.