Kí Wọ́n Tó Da Kọnkéré Sọ́ọ̀bù Tuntun

 

Ọ̀rọ̀ ilé la mú wá lóṣù yìí. Kì í ṣe ilé tí a ń sùn, sọ́ọ̀bù tí a ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé káńsù fẹ́ wó ìsọ̀ àtijọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọjà, kí wọ́n fi lọ́kọ́ọ̀pù rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ kò lòdì sí i. Ìsọ̀ pákó ń jò, iná ń tètè ràn án, olè kì í sì í jẹ́ ká fọkàn balẹ̀. Àmọ́ a ti lọ wo lọ́kọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ́ sí àwọn ọjà mìíràn, ohun tí a rí níbẹ̀ la fẹ́ sọ.

Yàrá kan, ilẹ̀kùn irin kan níwájú, kò sí fèrèsé lẹ́yìn. Páànù lókè, kò sí sílíìnì. Ní agogo 12 ọ̀sán, tí oòrùn ń ràn yòò níta, gílóòbù ló ń tàn nínú sọ́ọ̀bù nítorí òkùnkùn. Fáànù kàn ń gbé ooru kiri ni. Bí Nẹ́pà bá sì mú iná lọ (a ṣì ń pè wọ́n ní Nẹ́pà, wọn ì báà yí orúkọ padà nígbà mẹ́wàá), kálukú á fa okùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ariwo á sọ, èéfín á bo gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìsọ̀ àtijọ́ tí à ń bú yẹn, ta ló tan iná ọ̀sán nínú rẹ̀ rí? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé tí wọn ò kọ́ dáadáa, epo ló ń jẹ, àwa ni yóò sì máa bọ́ ọ títí ayé.

Epo náà kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí 2024 sì tó parí, a ti rà á ju 1,000 lọ. Iná mọ̀nàmọ́ná náà ń kọ́? Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A láti 68 náírà sí 225. Ẹ jẹ́ ká fi 225 yẹn ṣírò. Gílóòbù àtijọ́ mẹ́rin tó jẹ́ wáàtì 60, tó ń tàn fún wákàtí 10, yóò jẹ 540 náírà lójúmọ́. Mẹ́rin LED oníwáàtì 9, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, yóò jẹ 81. Èyí tó ṣẹ́ kù tó owó ọbẹ̀.

Èéfín wá ńkọ́? Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jóná máa ń di nǹkan bíi kílò 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń mú ayé gbóná. Epo náà fúnra rẹ̀ kò tó kílò kan, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jó ló ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tó ń jó lítà 2 lójúmọ́ fún ọjọ́ 6, tirẹ̀ ju ìlàjì àpò sìmẹ́ǹtì lọ lọ́sẹ̀ kan. Àwọn kan nínú wa á ní, “Ṣé èmi ni mo ba ayé jẹ́ ni? Ẹ lọ bá Amẹ́ríkà.” Òótọ́ ni, tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Àmọ́ owó tó ń jóná yẹn, tiwa ni. Ẹ̀dọ̀fóró tó ń fa èéfín náà, tiwa àti ti àwọn ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn ni. Afẹ́fẹ́ olóró kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú kò rí, tó máa ń pa odidi ìdílé mọ́jú.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ ilé tútù kọ́ nílẹ̀ yìí. Agbo ilé àwọn bàbá wa ní ògiri amọ̀ tó nípọn àti àgbàlá láàárín. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ wo ògiri oníhò-hò tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá lọ kí wọn. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew ló ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ibẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa wọlé kí oòrùn má lè wọlé. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon jẹ́ kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí tòkè lè máa ṣíji bo tìsàlẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè rí èyí jẹ, kí ló dé tí ìyá rẹ̀ kò lè rí i?

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ ń béèrè nìyí. Kí sọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní ojú afẹ́fẹ́ níwájú àti lẹ́yìn, kí àlàfo onírin wà lókè lábẹ́ páànù. Kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà gba inú ọjà wa. Kí páànù yọ síta dáadáa, kí ó jẹ́ funfun, kí sílíìnì sì wà. Ó di dandan kí wọ́n gbà wá láyè orísun iná kan ṣoṣo fún gbogbo ọjà, pẹ̀lú mítà fún kálukú. Àjọ REA ti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ dé ọjà Sura l'Ékòó àti Sabon Gari ní Kano: gáàsì ni ti Sura, sólà ni ti Sabon Gari. Bí ilé bá tutù, tó sì mọ́lẹ̀, sólà kékeré á tó o. Bó bá jẹ́ ààrò, kò sí sólà tí yóò tó o.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní sọ́ọ̀bù àtijọ́, ẹ má dúró de káńsù. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù. Ẹ̀yin ìyá oníẹja àti ẹlẹ́rindòdò, ẹ sún fíríìjì kúrò lára ògiri díẹ̀, kí ẹ sì wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ bóyá ó ti ya.

Kí olúkúlùkù kọ iye tó ná lórí epo àti iná lọ́sẹ̀ yìí sílẹ̀, kó fún ìyá ìsọ̀ rẹ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó ní kí ọmọ bá òun kọ ọ́. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn ni Ìyálọ́jà yóò kó síwájú ẹnjiníà káńsù, nígbà tí àwòrán ilé náà ṣì wà lórí tábìlì.