Owó Ìrànwọ́ àti Ìdí tí a fi Di Olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ilẹ̀ Káàárọ̀-oòjíire, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ó kan òbí náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni a ń sọ. Láti ìgbà díẹ̀ wá ni a ti ń rí i pé olùkọ́ púpọ̀ ń kọ ìwé sí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú nílé àti lókè-òkun, tí wọ́n ń tọrọ owó ìrànwọ́ fún kíláàsì wọn. A kò bá wọn wí. Ẹni tí ó ti fi owó oṣù ara rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì, tí ó ti ra ìwé fún ọmọ ọlọ́mọ, tí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ń jò sí i lórí, kí ni a fẹ́ kí ó ṣe? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ní fún un: nígbà tí ó jókòó ti fọ́ọ̀mù náà, kí ni ó kọ́kọ́ wò? Ṣé iye owó ni, tàbí iṣẹ́ tí ó gbé e wọ inú kíláàsì ní ọjọ́ kìíní?

Owó kì í dá wá. Ìfẹ́ inú ẹni tí ó ni ín ni ó máa ń bá a rìn. A mọ olùkọ́ kan, obìnrin tí ó fi gbogbo ọkàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí ó di olùkọ́ nítorí pé àbúrò rẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láì lè ka lẹ́tà tí ìyá wọn kọ sí i. Ìwé kíkà ni ó fẹ́ kọ́ ọmọ. Ẹgbẹ́ kan wá kéde owó fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà; ó kọ̀wé, ó sì rí i gbà. Ọdún méjì gbáko ni ó fi ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ nípa ẹ̀rọ tí kò sí iná mànàmáná láti tan, tí ó ń ya àwòrán ọmọ tí ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà tí ó kú, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin rẹ̀ kò tíì mọ ìwé kà. Kò jalè. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa pé òun kò mọ ìgbà tí iṣẹ́ òun bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú wa gbé gègé.

Ọ̀ràn náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1872 ni ìjọba amúnisìn ní Èkó kọ́kọ́ ya £30 sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ mẹ́ta tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́, èyíinì ni C.M.S., Wẹ́sílì àti Àgùdà. Nígbà tí ó di 1877, owó náà di £200 lọ́dún fún ìjọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1882, òfin ẹ̀kọ́ dé, alábẹ̀wò ìjọba sì tẹ̀ lé e. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba fẹ́ fi owó rẹ̀ rà. Èdè wa kò sí nínú ohun tí ó ń ná lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ìjọ C.M.S. yìí kan náà ni Henry Townsend wà nínú rẹ̀ tí ó fi ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta láti 1859 títí di 1867, kí ọmọ wa lè ní ìfẹ́ sí ìwé kíkà ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n. Ohun tí alábẹ̀wò bá bèèrè ni olùkọ́ yóò kọ́ ọmọ. Èwo ni ti olùkọ́ nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó wá owó. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ni ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Owó òyìnbó ni, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fi owó náà wá ìdáhùn sí, ìbéèrè tiwa ni: ṣé ọmọ Yorùbá lè kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ nípa àwùjọ ní èdè Yorùbá láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, kí ó má sì rẹ̀yìn?

Wọ́n pín ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan kọ́ ohun gbogbo ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ olùkọ́ tí a kọ́ fún un. Àwọn ìyókù ń lò ó bí a ti ń lò ó tẹ́lẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta. Kò sí ìwé ìṣirò Yorùbá tí ó tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ fún ohun púpọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì. Wọ́n wá a. Ibẹ̀ ni owó náà bá lọ. Nígbà tí a wọn èso rẹ̀, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìwé tí ó ròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1989. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. (Bí ìjọba ti ṣe ìmọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn mú ni lọ́kàn gbọgbẹ́: ní 2022, àwọn mínísítà fi ọwọ́ sí i kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2025, ìjọba yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì.)

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni Fáfúnwá, pé olùkọ́ abúlé kò ní yunifásítì lẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a kọ ìdí tí a fi di olùkọ́ sórí ìwé kí fọ́ọ̀mù tó dé, a kò fi owó ra ìyẹn.

Ìjọba náà kò ní bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000. Àwọn baba wa ti san ṣílè mẹ́wàá àti sísì kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kùn, wọ́n bínú, inú ìbínú náà sì wà nínú ohun tí ó mú ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba pàdánù ìdìbò àpapọ̀ ní 1954. Síbẹ̀ a ṣe é. Lónìí, òfin ọdún 2004 ti pàṣẹ kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba tirẹ̀ ní láti kọ́kọ́ fi owó tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò fi í sílẹ̀, bílíọ̀nù lórí bílíọ̀nù náírà sì ti sùn sí Àbújá láti ọdún dé ọdún, nígbà tí olùkọ́ ń tọrọ ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ àlejò. Ẹ bi gómìnà yín léèrè, ẹ má ṣe bi olùkọ́.

Ní ti ẹ̀yin tí ń fúnni ní owó, pàápàá ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ fẹ́ràn láti kọ orúkọ yín sára ògiri, ẹ kọ́kọ́ pe olùkọ́, kí ẹ bi í ohun tí ó ń wá. Ẹ lè rí i pé àpótí ìwé kíkà kan ni, kì í ṣe géètì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka ohun tí ẹni tí ó fẹ́ fúnni ní owó ń bèèrè dé ìlà ìgbẹ̀yìn. Ta ni yóò ni ohun èlò náà bí ọdún bá parí? Wákàtí mélòó ni ìròyìn kíkọ yóò gbà nínú wákàtí àwọn ọmọ? Bí kò bá sí ibi tí ó ti pàdé ìdí tí ẹ fi wọṣẹ́, ẹ dá fọ́ọ̀mù náà padà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀.

Obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tún kọ̀wé lọ́dún yìí. Ìwé ìtàn Yorùbá fún kíláàsì méjì ni ó tọrọ, owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ti àkọ́kọ́. Èsì kò tíì dé nígbà tí a ń kọ èyí, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, ó ń fi ọwọ́ kọ ìtàn sórí bébà, ojú ewé kan lójúmọ́.