Òṣùwọ̀n Òtítọ́ Nínú Òwò Pàǹtí



Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 2025, ni òfin tí ó de ife àti ṣíbí oníke àlòsọnù àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ìgò oníke àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà ṣì ń dí gọ́tà wa. Àwọn tí ń bá wa kó wọn kúrò ni àwọn tálákà tí ń ṣa pàǹtí. Òwò ni wọ́n ń ṣe, ó sì yẹ kí a mọ bí ó ti ń rìn.

Ẹni tí ń ṣà á lójú pópó ń tà á fún alágbàtà àdúgbò. Alágbàtà a ya ìgò, ọ̀rá àti agolo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a kó wọn jọ títí wọn yóò fi kún ọkọ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ra ẹrù díẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ìgò wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń yọ́ ọ, kí wọ́n tó fà á bí òwú tí a ń kì sínú ìrọ̀rí. Ọ̀rá a tún di ọ̀rá. Àjákù àlúmíníọ̀mù a di ìkòkò ìdáná, irú èyí tí wọ́n ń dà ní Ṣakí.

Níbo wá ni ọ̀ràn wà? Nínú òṣùwọ̀n ni. Nǹkan bí ìgò 50 ni kí ó tó wọn kílò 1. Bí alágbàtà bá jí kílò 2 lórí òṣùwọ̀n, ìgbà 100 tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oòrùn ni ó jẹ gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó bu omi tàbí iyanrìn sínú ìgò kí ó lè wúwo, òun náà ń jalè. Àwọn àgbà ní owó ìgbẹ́ kì í rùn. Ṣùgbọ́n owó ìrẹ́jẹ ń rùn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù ni a fi sọ Súrà 83 nínú Alùkùránì lórúkọ, kò sì yọ oníṣòwò pàǹtí sílẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ń bẹ. Ní ọdún 2012, Arábìnrin Bilikiss Adebiyi-Abiola dá ilé-iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ń lọ gba ike àti agolo lẹ́nu ọ̀nà onílé, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ fún un kí ó lè fi gba ẹ̀bùn. Ohun tí a wọ̀n lójú olóhun kì í fa ìjà.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ àti tàfúsírì Ramadan, ọ̀rá omi a máa bo àgbàlá mọ́ṣáláṣí. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan gbé àpò 2 síbẹ̀, ọ̀kan fún ìgò, ọ̀kan fún ọ̀rá, kí ènìyàn 2 dúró ti òṣùwọ̀n nígbà tí a bá ń tà á, kí a sì fi owó náà ran ọmọ òrukàn lọ́wọ́. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà gbé àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 tí a kò tíì tú sórí òṣùwọ̀n alágbàtà. Èyí tí kò bá pe 50, kí a má ṣe tajà lórí rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí iṣẹ́ rere wa tẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.