Mínírà Ti Pọ̀ Jù Níbi Ọjọ́ Ìbí Ọmọdé
Ẹ rin Festac ní ọ̀sán Sátidé, láti 1st Avenue dé 7th Avenue, tàbí kí ẹ yà sí àdúgbò míràn ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin: níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọdé, mínírà ló ń kún kúlà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká dín in kù. Ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó tó giramu 50, bẹ́ẹ̀ giramu 25 ni American Heart Association ní kí ṣúgà àfikún ọmọdé má kọjá lójúmọ́. A kò tíì ka kéèkì mọ́ ọn o. Júùsì inú páálí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Lóòótọ́, ìjọba ti fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan láti 2022, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè dá ẹni tó ń ṣe ayẹyẹ dúró, torí ohun tó ń bà wá lẹ́rù gan-an ni kí ìyá ọmọ ẹlòmíràn má pè wá ní ahun. Ọmọ tó ti ń fò sókè sódò láti àárọ̀, omi tútù ni òùngbẹ rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ se sobo nílé, kí ẹ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti atalẹ̀ sí i dípò ṣúgà, kó hó dáadáa kó tó wọ fíríìjì. Mínírà àwọn àgbà, inú kúlà ọ̀tọ̀ ni kó wà.