Igbó Ọ̀ṣun Ní Ààbò, Omi Ọ̀ṣun Ńkọ́?

Àríyànjiyàn tó gbòde lórí odò Ọ̀ṣun ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn onísìn nìkan. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé ó yẹ kí òfin dáàbò bo odò náà láti orísun rẹ̀ títí dé ibi tó ń ṣàn lọ, àbí kí ààbò náà mọ sí igbó tó wà ní Òṣogbo? Ọ̀rọ̀ yìí kan àgbẹ̀, apẹja, awakùsà àti ará Ìbàdàn tó ń mu omi ẹ̀rọ.

Igbó Ọ̀ṣun kò ṣaláìní òfin. Ní ọdún 1965 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde apá kan rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO fi gbogbo rẹ̀, tó tó hẹ́kítà 75, sínú àwọn ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti dáàbò bo igbó náà títí ó fi kú ní ọdún 2009.

Ṣùgbọ́n omi kò mọ ààlà igbó. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá. Kí ó tó dé Òṣogbo, àwọn odò kéékèèké láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti dà sínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń wa wúrà. Àwọn awakùsà a gbẹ́ etí odò, wọ́n a sì fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ kí wúrà lè yọ. Ẹrẹ̀ tó kù a padà sínú odò. Àwọn mìíràn a tún máa lo mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Omi yìí kan náà ló ń ṣàn lọ sí ìsédò Aṣéjìrẹ, tó ń pèsè omi fún Ìbàdàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti takókó ni pé ọwọ́ tó di agbára mú ju ẹyọ kan lọ. Òfin ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin ọdún 1999 fún ní àṣẹ lórí ohun àlùmọ́ọ́nì. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 kò fàyè gba iṣẹ́ ìwakùsà ní ibi tí àwọn ènìyàn kà sí mímọ́. Bí a bá ní igbó nìkan ni ibi mímọ́, òfin yìí kò ní dé òkè odò.

Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1968 lórí àwọn odò tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì bàjẹ́ lè là wá lójú. Òfin náà pín odò sí abala, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tó bá ipò rẹ̀ mu. Ìpínlẹ̀ tó bá ti fi òfin tirẹ̀ dáàbò bo odò kan lè gba ẹnu gómìnà bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Kò pọn dandan kí gbogbo etí odò di èèwọ̀.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn awakùsà kì í ṣe àwáwí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń jẹun. Bí a bá ti ibi iṣẹ́ pa láìsí ọ̀nà àtijẹ mìíràn, òru ni wọn yóò máa ṣe é. Nítorí náà, ó yẹ kí ààbò bẹ̀rẹ̀ láti orísun àti àwọn odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ má ṣe fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú odò, kí a sì máa yẹ omi náà wò nígbà gbogbo, kí a sì kéde àbájáde rẹ̀ fún aráàlú.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ọ̀ṣun kò gbàgbé orísun rẹ̀. Òfin wa ló kù tí kò tíì dé ibẹ̀. Àjọṣe àwọn ìpínlẹ̀ tí odò náà là kọjá pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè mú un débẹ̀.