Ẹ̀RÍ NI ÀBÍ ṢEKÁRÍMI?

Ọ̀rọ̀ òní lè dun àwọn kan, àmọ́ a máa sọ ọ́.

Kí lẹ gbé sórí Facebook àti Instagram lọ́sẹ̀ yìí? Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tuntun. Báàgì olówó ńlá tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọjú sí kámẹ́rà. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ọlọ́run ló ṣe é. A ò bá yín jà torí pé ẹ ra nǹkan, Ọlọ́run wa kì í ṣe Ọlọ́run òṣì. Fífi orúkọ Jésù bo ṣekárími la ń bá jà.

Ẹ rò pé àwọn tó ń wò ó ń yin Ọlọ́run? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní Nàìjíríà ibí, "Níbo ló ti rówó?" ni wọ́n ń sọ. Gbogbo wa la mọ Hushpuppi. Òun náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa lábẹ́ fọ́tò Rolls-Royce, lójú àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2. Lóṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n mú un ní Dubai. Lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà jù ú sẹ́wọ̀n ọdún tó lé ní 11. Ẹni tó rí ìyẹn, tó tún rí fọ́tò tiyín, kí lẹ fẹ́ kó rò?

Arábìnrin tó ń jókòó sẹ́yìn yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, tí kò tíì rí owó ilé san? Ó ń wo fọ́tò yín lóru, ó ń rò pé Ọlọ́run ti gbàgbé òun. Kò ní lè tọ̀ yín wá fún àdúrà mọ́, torí ẹ ti ga jù ú lọ lójú rẹ̀.

Ẹ ka ìtàn Hesekáyà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 20. Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó sàn, ó fi ọdún 15 kún ayé rẹ̀. Àwọn ará Bábílónì wá kí i. Ẹ̀rí ìwòsàn ńlá wà lára rẹ̀, àmọ́ wúrà, fàdákà àti ilé ìṣúra ló mú wọn lọ wò. Kí ni Aísáyà sọ fún un? Gbogbo ohun tó fi hàn wọ́n ni wọ́n máa kó lọ.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ kó má wò ó." Rárá o! Ẹni tó gbé nǹkan síta kí wọ́n lè wò ó kò gbọdọ̀ máa bínú sí ojú.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ọmọ ìjọ tó fi owó ọkọ̀ rẹ̀ sínú àpò ọrẹ, tó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ń wò yín.

Tí Ọlọ́run bá ta yín lọ́rẹ mọ́tò, ẹ wá dúpẹ́ nínú ìjọ. Lẹ́yìn ìṣọ́ òru, ẹ fi gbé àwọn ìyá àgbà dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ̀rí tí àdúgbò máa gbà gbọ́ nìyẹn. Ìwà rere lẹ̀ṣọ́ ènìyàn.

Tó bá yé yín, ẹ kọ Àmín.