Ẹ jẹ́ kí ìwádìí sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ nílé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láti Ìjù dé Oǹdó ló ń lo amlodipine. Oògùn náà ń dí ẹnu-ọ̀nà tí kálísíọ́mù ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè dẹ̀. Irú ẹnu-ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà lára sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tí kò tíì yan iṣẹ́. Kálísíọ́mù tó gba ibẹ̀ wọlé wà lára ohun tó ń darí sẹ́ẹ̀lì náà láti pọ̀ sí i, tàbí láti di sẹ́ẹ̀lì egungun. Ìmọ̀ yìí wúlò fún títún ẹ̀yà ara tó bàjẹ́ ṣe. A ní ibi tí a ti lè ṣe irú ìwádìí yìí nílé: UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, wà ní Oǹdó láti 2015, FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, sì wà ní Àkúrẹ́. Kí ìjọba fún wọn ní owó ìwádìí àti iná tó dúró ṣinṣin. Àwọn ọmọ wa lè ṣàwárí ìwòsàn tó ń tún ẹ̀yà ara ṣe; ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn máa rà á.